Ọjọ́bọ̀ Tí N Kò Lọ sí Ọ̀dọ̀ Màmá Comfort

"Ta ló lè sọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi?"

Àǹtí Fákọ́lá, tíṣà kíláàsì wa, ló bi wá bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpótí onígi kékeré kan ka orí tábìlì rẹ̀, ó sì dúró tì í. Gbogbo wa na ọrùn. Àpótí náà kò ní ìdérí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ya gátagàta bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹnì kan lẹ́yìn ní ilé àdìyẹ ni. A bú sẹ́rìn-ín.

"Ibùjẹ ẹran ni," ni Àǹtí wí. "Inú irú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Jésù sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Ádífẹ́ntì máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń palẹ̀ mọ́ de Kérésìmesì. Láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá ṣe oore fún ẹlòmíràn, kó mú fọ́nrán koríko kan sínú àpótí yìí. Kó má polówó ara rẹ̀ o! Tí oore wa bá pọ̀, Ọmọ náà á rí nǹkan rírọ̀ sùn lé. Tí kò bá pọ̀, orí pákó ló máa sùn."

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mo ti wà ní SS 2, ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ Mápó, kíláàsì karùn-ún yẹn ni ọkàn mi máa ń padà sí. Sẹ́ńtì Fẹlísítà ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ni, ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́wàá, bóyá mẹ́fà ló jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, nítorí inú àwọn agbo ilé àdúgbò ni gbogbo wa ti wá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ orin Ádífẹ́ntì sórí láàárín wa. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa, tí kì í pa ìrun kan jẹ, a máa fi ohùn ìsàlẹ̀ gbe orin náà láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ó já ewé, a ó hun ún roboto bí òṣùká, a ó to àbẹ́là mẹ́rin sí i, mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kan pínǹkì. Mo ṣì lè gbóòórùn ìda yẹn bí mo bá di ojú mi.

Ohun tí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún ń fẹ́ ni láti gbé Ọmọ Jésù. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gba ọlidé, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì wa yóò wọ aṣọ funfun, yóò gbé ère Ọmọ náà láti ẹnu géètì wá sínú ibùjẹ ẹran, níṣojú Fadá, àwọn òbí àti gbogbo àdúgbò. Àǹtí ló máa ń yan ẹni náà. Kò sọ bó ṣe ń yàn án fún wa rí, ṣùgbọ́n èmi ti parí èrò tèmi: ẹni tí Àǹtí bá rí nídìí koríko jù lọ ni.

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, Àǹtí béèrè ẹni tí yóò máa pọnmi fún Màmá Comfort. Ìyá arúgbó yìí ti gbá ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń nu ikun imú àwọn òbí wa nígbà tí àwọn náà wà ní kíláàsì kìíní. Comfort ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Kàdúná, ìyá náà nìkan ló kù sínú yàrá kan nínú agbo ilé kan ní Bẹyẹrunka, ojú rẹ̀ kò sì ríran tó mọ́. Kànga tí wọ́n ń lò wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí àpáta tó ń yọ̀ ni èèyàn sì ń gbà dé ibẹ̀.

Kí Àǹtí tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti na ọwọ́ sókè.

"O ṣeun, Ọpẹ́yẹmí," ló wí. "Bákẹ́ẹ̀tì méjì péré lójoojúmọ́, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí arúgbó yẹn lọ sí kànga fúnra rẹ̀."

Mo lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọrùn ń dùn mí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì ti bó. Mo bá Jamilah, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Alhaji Sàláúdéènì tó ń rán fìlà ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni bàbá rẹ̀.

"Jamilah, jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Comfort lónìí. Ara mi ò yá."

"Kò burú," ni Jamilah wí. Bó ṣe máa ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó lọ lọ́jọ́ náà. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì fọwọ́ kan koríko. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni mo ń bá ọ ṣe." Èmi ni mo ń mú fọ́nrán koríko láràárọ̀. Màá dúró dìgbà tí Àǹtí bá gbójú sókè, kí n tó rọra fi í sínú àpótí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tilẹ̀ ń fi méjì méjì sí i.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí pè mí jáde. "Ọpẹ́yẹmí ló máa gbé Ọmọ Jésù lọ́dún yìí," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Jamilah ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ní Ọjọ́rú, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, Jamilah dì mí lọ́wọ́ mú. "Ọpẹ́, mi ò ní sí nílé ní Àlàmísì o. Àbúrò bàbá mi ń ṣe nìkáà ìgbéyàwó rẹ̀ ní Ìwó, ó di ọjọ́ Àìkú ká tó dé. Ìwọ ni kó o lọ lọ́la àti lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti sọ fún Màmá pé ìwọ ló ń bọ̀."

"Màá lọ," ni mo wí.

Lóòótọ́, mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ ní Ọjà'ba ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń dúró dè mí lẹ́nu géètì.

"A fẹ́ lọ ra bàtà funfun rẹ l'Ókè-Àdó," ló wí. "Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́?"

Ká ní mo ti la ẹnu mi ni, ìyá mi ì bá dúró. Èrò bàtà funfun ti gba ọkàn mi.

"Rárá, Màámi," ni mo wí.

A ra bàtà náà. Ó ní òdòdó kékeré kan lórí. Mo wọ̀ ọ́ káàkiri inú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì rántí arúgbó kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí wọ kíláàsì láìkí wa. "Màmá Comfort ṣubú lórí àpáta kànga lánàá," ló wí. "Ó retí omi títí, kò rí ẹnì kankan, ló bá gbé bákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́." Ó wá kọjú sí mi. "Ọpẹ́yẹmí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo ojú ń wò mí. Àyè Jamilah lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo.

"Jamilah ló ní òun á lọ, mà," ni mo wí.

Irọ́ náà jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́yìn eyín mi tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Jamilah padà dé lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè é ní "Dánilápá", ẹni tó dá arúgbó lápá. Kò mọ ohun tó fà á. Àǹtí pè é síwájú.

"Jamilah, ṣé o ṣèlérí pé wàá pọnmi fún Màmá Comfort ní Ọjọ́bọ̀?"

"Mo ti sọ pé mi ò ní sí nílé, mà."

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

Jamilah wò mí. N kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àǹtí ní kó lọ jókòó. Ní àkókò oúnjẹ, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi, òun nìkan.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àǹtí kó ọsàn tí kíláàsì dá jọ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ fún Màmá Comfort. Èmi nìkan ni mo lọ.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó jókòó sórí ẹní, wọ́n ti fi báńdéèjì funfun tó le bí ògiri di ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ṣẹ́jú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

"Ta nìyẹn? Ojú yìí ò fi èèyàn hàn mí mọ́. Ṣé ọmọ mi tó ń lo híjáàbù ni? Jamilah, ìwọ ni?"

Kò mọ̀ mí. Mo lè sọ orúkọ yòówù tó bá wù mí, kí n gbé ọsàn sílẹ̀, kí n sì máa lọ. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu láti pe orúkọ mìíràn. Ìgbà náà ni mo rí bákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti là látòkè délẹ̀ níbi tó ti bá a ṣubú.

"Èmi Ọpẹ́yẹmí ni, mà," ni mo wí. "Èmi ló yẹ kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Mo lọ ra bàtà. Mo sì parọ́ mọ́ Jamilah." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Kò bú mi. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wá orí mi kàn.

"Mo dúró dè ọ́ o," ló wí. "Mo ní bóyá iṣẹ́ ilé ló dí ọ lọ́wọ́. Ọmọ mi, ọwọ́ yìí lè san, ó lè má san. Arúgbó ni mí, mo ti lò ó tó. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí mi. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ọmọ yẹn da omi síwájú, orí ilẹ̀ gbígbóná lo sì gbé e lé. Lọ tún un ṣe."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe orúkọ wa, mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú àkọ́kọ́ dé orí bàtà. Nígbà tí mo parí, Àǹtí gbé àpótí náà sí iwájú mi.

"Kó èyí tí kì í ṣe tìrẹ jáde."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú fọ́nrán koríko jáde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń wò mí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi síbẹ̀, méjì péré ni mo lè fi sílẹ̀.

Mo lọ bá Jamilah, mo kúnlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró dè ọ́," ló wí. "Àná ni mo rò pé wàá sọ ọ́." Ó pẹ́ ká tó tún jẹun nínú abọ́ kan.

Àǹtí fẹ́ kí Jamilah gbé Ọmọ Jésù. Alhaji Sàláúdéènì wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ̀sìn tiwa ò gbà wá láyè láti gbé ère. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ò burú. Ẹ jẹ́ kó gbé àbẹ́là." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ náà, Jamilah ló ṣíwájú pẹ̀lú àbẹ́là títàn, ó fi ọwọ́ kan dí atẹ́gùn ọyẹ́. Jemima, ọmọ kíláàsì kìíní kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, tí Àǹtí yàn dípò mi, ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ọmọ náà. Alhaji jókòó sáàárín àwọn òbí, fìlà tuntun lórí rẹ̀, ó ń nu ojú. Àwọn ọkùnrin agbo ilé Bẹyẹrunka ti gbé Màmá Comfort wá tòun ti àga rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni èmi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, bàtà ilé-ẹ̀kọ́ mi lásán lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ti kó bàtà funfun fún ọmọ ẹlòmíràn.

Gbogbo ọlidé yẹn ni mo pọnmi, títí kan ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Mo pọn ọ́n títí mo fi parí kíláàsì kẹfà. Ọwọ́ Màmá Comfort jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Kò lè fi í di gèlè ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Èmi àti Jamilah ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́, a sì jọ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo kọ́ nìyí: oore tí èèyàn ń ṣe kí wọ́n lè rí i, ọjọ́ tí ojú kò bá sí níbẹ̀ ni yóò pa á tì, ẹni tó sì gbójú lé e ni yóò fara gbá a. Irọ́ lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìtìjú wákàtí kan, ṣùgbọ́n orí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló ń di ẹrù náà lé. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì dárí jì mí. Àforíjì kò na ọwọ́ Màmá.