Ìwé Ọ̀fẹ́ Inú Fóònù Ìyá Hikmah

"Tẹ̀ ẹ́, jàre! Ṣé ó máa bù ẹ́ jẹ ni?"

Shakirah ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òkìtì ọsàn ìyá Hikmah lọ́jà Zuba ní Abuja, lọ́jọ́ tí oòrùn mú débi pé ẹyin lè jinná nínú adìyẹ. Ìdánwò lítíréṣọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Hikmah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sì tíì ka ìwé ìtàn tí ìbéèrè máa ti jáde. Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, olùkọ́ wọn, ti fi ilé ìkàwé orí fóònù hàn wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá yá ìwé gbọ́dọ̀ dá a padà kó tó kan ẹlòmíì.

"Wọ́n ní ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan," ni Hikmah wí.

"Ìwé inú fóònù, lọ́wọ́ ta ni? Kai! Wọ́n ń fi ẹ́ ṣeré ni. Ìwé tó wà lórí ìkànnì tí mo fi hàn ẹ́ yìí lè kún òkun kó tún ṣẹ́ kù!"

Fóònù kìlọ̀ pé ohun tó fẹ́ wọlé léwu. Ó tún kìlọ̀. Hikmah wẹ̀yìn; ìyá rẹ̀ ń bá oníbàárà nájà. Ìyá ló ni fóònù náà, inú rẹ̀ sì ni ohùn bàbá Hikmah wà. Kí bàbá tó kú ló ti ki oríkì ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Láràárọ̀, bí Hikmah bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá á tẹ̀ ẹ́: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ajílété..." Ọmọ Abuja ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á wú títí ìborí á fẹ́ẹ̀ ya.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìwé kankan ò wọlé. Ìpolówó ló ya bo fóònù bí eéṣú. Ó gbóná bí ààrò, ó sì kú.

Mùíbì tó ń tún fóònù ṣe yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Ìyá, kó tó lè jí, àfi ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́."

"Ohùn bàbá Hikmah ńkọ́?"

"Á bá a lọ," ni Mùíbì wí.

"Màámi, mo ṣèèṣì ni."

"O ò ṣèèṣì. Ó kìlọ̀ fún ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Mùíbì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ tí fóònù sì jí, ìwé náà kan Hikmah nílé ìkàwé orí fóònù. Ó kà á tán, ó sì yege. Inú rẹ̀ ò dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀. Ìyá nawọ́ sí fóònù, ó rántí, ó fà á padà. Ó wá gbé oríkì náà sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ó ń bá a bọ̀ dáadáa, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì.

"Ibí ni bàbá rẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè bá a rín."

Ẹ̀yin ọmọ, ìwé ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí fóònù, ẹ máa wá a kà. Ibi tó mọ́ ni kí ẹ ti wá a, kódà bí ẹ máa dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Hikmah ò dúró, gbogbo owó Abuja ò sì lè ra ohun tó bá ìkánjú rẹ̀ lọ padà.