Ẹni Tó Jókòó Lápá Òsì

Síkúrù ló kọ́kọ́ kéde ọkùnrin náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́rẹ́, ó ga, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú, ni ìbàdí òsì rẹ̀ bá gbá tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, abọ́ síkúrù dojú dé, gbogbo ilẹ̀ ń dún ṣaworo. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti lanu láti sọ̀rọ̀ sí i, torí òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ṣa síkúrù ọ̀hún sọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́, ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ tòun taṣọ funfun, ó ń he wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ẹ má bínú," ó ní, "n ò rí tábìlì yẹn rárá. Ẹ̀yin ni mo ń wò."

Ẹ gbọ́ ná, obìnrin wo ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbé e pamọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ká ní ó mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni, ẹkún ni ì bá sun.

Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àlòkù ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà, àwọn oníbàárà sì ń pe ọmọbìnrin náà ní Dán-an-wò, torí kì í jẹ́ kí ọjà jáde àfi bó bá dán an wò níṣojú ẹni tó ń rà á. Ọkùnrin náà ní orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀. Ọkọ̀ akérò ọ̀nà jíjìn ló ń wà, Jẹ́jẹ́ ni àwọn èrò sì ń pè é, torí kì í sáré. Ìyá àgbà tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á kọ́kọ́ bèèrè bóyá Jẹ́jẹ́ ló ń gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Bí kì í bá ṣe òun, ìyá á gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Ohun tí Jẹ́jẹ́ wá rà ló wá pa Dán-an-wò lẹ́rìn-ín. Káàdì àwòrán tí kò wọ́n ni, èyí tí wọ́n ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà kí géèmù lè rìn geere lójú rẹ̀. Ó ti ní kọ̀ǹpútà, ó ti ní àlòkù sítíárìn tí wọ́n ń so mọ́ ọn. Géèmù ìdíje ọkọ̀ ló fẹ́ máa ṣe, irú èyí tó jọ ọkọ̀ gidi tí kọ́nà rẹ̀ kì í ṣàánú ẹni. Dán-an-wò bi í pé kí ni ẹni tí kì í sáré fẹ́ fi eré àsápajúdé ṣe.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń tẹ bíréèkì nítorí ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Mo fẹ́ ibi tí mo ti lè sáré, tó jẹ́ pé bí mo bá kú, èmi nìkan ni, n ó sì tún jí."

Káàdì méjì ló wà nílẹ̀ tí àpò rẹ̀ lè gbé. Èkíní tóbi, fáànù mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, iná aláràbarà ń tàn yí i ká. Èkejì kúrú, ó dúdú, kò lẹ́wà kankan. Bàbá ń ṣẹ́jú láti ìdí káńtà pé kó ta èyí tó ń tàn. Dán-an-wò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ṣàlàyé fún Jẹ́jẹ́ pé wọ́n ti fi èyí ńlá wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí káàdì sinmi tọ̀sán-tòru, pé ó ti gbó látinú, àwọ̀ ló kù lára rẹ̀. Ó ní nínú eré ọkọ̀, ewé igi tó rẹwà kì í ṣe nǹkan kan. Kí àwòrán máa ṣàn láìdúró ni gbòógì, torí bó bá fi lè kọsẹ̀ díẹ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ ti wọgbó nìyẹn. Kó dín òjìji kù, kó dín koríko kù, kó fi gbogbo agbára káàdì sórí ọ̀nà. Èyí kúkurú yẹn á ṣe é.

"Èyí tó burẹ́wà yìí náà?" Jẹ́jẹ́ ní.

"Ṣé ìyàwó lẹ wá fẹ́ ni?"

"Ta ló sọ fún yín pé n ò wá ìyàwó?"

Bàbá wúkọ́ nídìí káńtà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á yà. Lónìí ó wá ra wáyà, lọ́la ó wá bèèrè bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku kúrò lára fáànù, nígbà tó yá kò tilẹ̀ rí irọ́ pa mọ́, á kàn jókòó. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o". Jẹ́jẹ́ ń pè é ní Ìyálóde Síkúrù, òun náà ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà Ọkàn Mi bó bá ti rí i pé bàbá òun ti bọ́ síta. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, Dán-an-wò máa ń lọ sí yàrá Jẹ́jẹ́ lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí aládùúgbò má baà rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkùnrin á máa wakọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àgbà kan ì bá ti fo jáde nínú ọkọ̀ yìí. Inú wọn ń dùn nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀ ná.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá fajú ro. Ó ní dẹ́rẹ́bà kì í gbélé, ojú ọ̀nà ni ìyálé rẹ̀. Dán-an-wò dá a lóhùn pé bàbá náà ló kọ́ òun pé ohun tí a bá ti dán wò tó sì ṣiṣẹ́, kí á gbà á. Bàbá gbà, kò kàn rẹ́rìn-ín ni.

Àfi bí Jẹ́jẹ́ ṣe gbé káàdì padà wá. Ó ní kò dáa, apá òsì ọ̀nà ń pòórá, ọkọ̀ á kàn yọ lójijì láti ibẹ̀ á gbá òun, òun á tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ kí òun tó rí i. Dán-an-wò ki káàdì bọ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, ó wò ó títí, àwòrán pé láti etí dé etí. Ó fún un ní òmíràn. Jẹ́jẹ́ tún gbé ìyẹn padà. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, bàbá bínú. Ó ní dẹ́rẹ́bà yìí ń yọ ẹ̀yà ara káàdì rere, ó ń kó ìdọ̀tí padà fún àwọn.

"Káàdì mẹ́ta ò lè ṣàìsàn kan náà," ni bàbá wí, kò sì wò ó lójú. Ìtìjú mú Jẹ́jẹ́, ó jáde. Dán-an-wò kó irinṣẹ́ rẹ̀ àti káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹ̀ lé e.

Bí bàbá ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ ló ṣe é ní yàrá náà. Pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, má fọwọ́ kan ìyókù, títí wàá fi bá ibi tó ń ṣe é. Ó pààrọ̀ káàdì, Jẹ́jẹ́ ní bákan náà ni. Ó pààrọ̀ wáyà, bákan náà ni. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn tó rù wá láti ṣọ́ọ̀bù sórí tábìlì, bákan náà ni. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ dìde, òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí sítíárìn. Ó rí òsì, ó rí ọ̀tún, ó rí ọkọ̀ tó fẹ́ ya òun sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá yẹn tí wọn ò tíì pààrọ̀.

Ó ní kí Jẹ́jẹ́ padà jókòó, kó tẹjú mọ́ iwájú, kó má yí ọrùn. Ó dúró lápá òsì rẹ̀, ó mú síkúrù kan lọ́wọ́, ó ń gbé e bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀, ó ní kó sọ̀rọ̀ bó bá ti rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá etí ọkùnrin náà, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú.

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Jẹ́jẹ́ bi í.

Dán-an-wò bọ́ sí òdìkejì. Ó ṣe é lápá ọ̀tún, Jẹ́jẹ́ rí i kíá. Ó padà sí òsì, kò rí nǹkan. Ọkọ̀ tí èrò ń kún bámúbámú, tí àwọn ìyá àgbà ń fọkàn tán, ló wá sí i lọ́kàn.

"Kì í ṣe káàdì," ó ní. "Ojú rẹ ni."

Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní iná yàrá ni, ó ní àárẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó gbaná jẹ. Ó ní òun ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n òun ò tíì hù, adìyẹ kan òun ò pa rí. Dán-an-wò bẹ̀ ẹ́ pé kó rí dókítà ojú kó tó gbé èrò kankan mọ́. Jẹ́jẹ́ ní ọkọ̀ òun ti kún fún òwúrọ̀ ọ̀la, pé ẹni tó bá sọ níbi iṣẹ́ àwọn pé ojú ń ṣe òun, wọ́n á ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó délé.

"Bí o ò bá sọ fún ọ̀gá rẹ, èmi á sọ."

"Bó o bá sọ ọ́," Jẹ́jẹ́ ní, "má pe ara rẹ ní ìyàwó mi mọ́."

Ó sọ ọ́. Ó dé ibùdókọ̀ wọn láàárọ̀, èrò ti jókòó, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, Jẹ́jẹ́ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ọ̀gá wọn kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ọ̀gá bá bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ó ní kí Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ iwájú, ó na ìka lápá òsì bí Dán-an-wò ṣe ṣàpèjúwe fún un. Gbogbo èrò ń wò. Ìka náà dé iwájú, Jẹ́jẹ́ ò sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì na ọwọ́ kejì gba kọ́kọ́rọ́. Jẹ́jẹ́ kò wo ọ̀gá rẹ̀. Dán-an-wò ló wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ojú yẹn lọ́jọ́ náà ò ṣe é gbọ́.

Télọ̀ ìsàlẹ̀ ló sọ ìyókù fún un, torí Jẹ́jẹ́ ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Dókítà ní àrùn kan ni tí í jí ìríran gbé láti ẹ̀gbẹ́, tí kì í dunni, tí kì í yúnni. Ojú méjèèjì ló mú, ti òsì ló le jù. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá èyí tó kù dúró, èyí tó ti lọ ti lọ. Kò ní wakọ̀ èrò mọ́ láyé rẹ̀.

Àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Dán-an-wò ló gba oúnjẹ lẹ́nu ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bàbá tí kò fẹ́ràn dẹ́rẹ́bà kò yọ̀. Ó kàn ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọlọ́jà sì ni ọ́, o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Èyí tó dun Dán-an-wò jù lọ, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń nu tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan ló rántí pé ìbàdí òsì Jẹ́jẹ́ ló gbá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe ẹwà òun ló fọ́ ọkùnrin náà lójú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn jù lọ tí wọ́n bá a sọ rí, àrùn ló sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín síkúrù, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ó pẹ́ gan-an kí Jẹ́jẹ́ tó yọjú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yí orí pátápátá sí òsì, ó rí tábìlì, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó yà fún un. Aṣọ búlúù ló wọ̀, aṣọ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó gbé káàdì kúkurú náà lé káńtà. Bàbá dìde.

"Mo ní káàdì mẹ́ta ò lè ṣàìsàn kan náà," bàbá wí. "Òótọ́ ni mo sọ, ẹni tí kò yẹ ni mo fi bú. Má bínú, ọmọ mi." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kó o tó yẹ ojú mi wò, nǹkan kan ti ha ọkọ̀ mi lápá òsì lójú ọ̀nà tóóró kan. Mo ní ẹ̀ka igi ni. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin kan wà nínú kòtò tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo pè é ní ọ̀mùtí níṣojú gbogbo èrò. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí èmi ni Jẹ́jẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti ń fura kó o tó mọ̀. Ìdí tí mo fi kórìíra rẹ nìyẹn."

Dán-an-wò kò tù ú nínú. Èyí tó wà nínú tirẹ̀ náà ń ta á.

"Ọjọ́ tó o da síkúrù mi nù, o ní èmi lò ń wò. Irọ́ ni."

"N ò mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Jẹ́jẹ́ yí gbogbo orí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Lónìí mo rí tábìlì yẹn," ó ní. "Mo yà fún un. Ìwọ náà ni mo ṣì ń wò."

Wọ́n fẹ́ra. Àwọn tó wá ò pọ̀: bàbá, télọ̀, ọ̀gá tó gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dìde dúró, ìyàwó kọjá sápá òsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi oyin pa yín lẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá ń fọn fèrè láàárọ̀ láti jáde, ọkọ rẹ̀ á kọjú sí ògiri, kò ní dáhùn bí wọ́n bá pè é. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí fún ohun tó ṣe, obìnrin náà kò sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ náà wà nílé pẹ̀lú wọn, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún un.

Káàdì kúkurú ti padà sínú kọ̀ǹpútà. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti tibi iṣẹ́ dé, á kán oògùn sójú, á jókòó sídìí sítíárìn, ìyàwó rẹ̀ á sì fa àga sápá òsì rẹ̀, á máa bá a wo ìdajì ọ̀nà.

"Ọ̀kan ń bọ̀ lósì."

"Mo gbọ́," ọkọ rẹ̀ á ní, á sì tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́.