Píjò Tí Kò Ní Bátìrì

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ojú mi ló ṣe, ojú Yaqub ọmọ mi náà ló ṣe. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa á, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi, Àlàájì Làtíìfù, kú ní oṣù kẹsàn-án, ní Peckham nílùú òyìnbó níbí. Èmi ni wọ́n máa ń bi léèrè ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú nínú ẹbí wa, nítorí náà èmi ni mo kéde fún gbogbo wọn. Ẹnì kan ni n kò sọ fún: Àìṣát, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Glasgow, ìrìn wákàtí mẹ́jọ sọ́dọ̀ wa. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àìsàn ti dè é mọ́ ibùsùn. Mo rò pé bí mo bá túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un lórí fóònù, ìyẹn ni yóò pa á. Bó bá ti pè, mo máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ń sùn." Tàbí, "Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí." Oṣù mẹ́ta gbáko.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi bi wọ́n," ni yóò wí. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé mi?"

Àlàájì ló ṣèlérí fún un pé kí òtútù tó mú, òun yóò fi Píjò òun gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Píjò 504 ni, ó dàgbà ju Yaqub lọ. Nígbà tí ìjọba wó ilé wa ní North Peckham, ibi tí ọkọ̀ yẹn yóò sùn ni Àlàájì kọ́kọ́ wá kó tó wá tiwa. Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti ń já, yóò wọ gáréèjì lọ, yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Mo pinnu pé àwa ni yóò lọ gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹnu mi ni n ó fi sọ fún un. Ọwọ́ mi ni n ó fi dì í mú.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká wọ train lónìí," ni Yaqub wí. Ọjọ́ Sátidé ni.

"Ọkọ̀ bàbá rẹ ni wọ́n ń retí."

"Èyí? Ó jù mí lọ o. Ó yẹ kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún un ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló da omi sí rédíétọ̀?"

"Èmi ni. Mo rí i pé ó ti lọ sílẹ̀."

"Omi ẹ̀rọ lásán? Mummy! Èkó kọ́ lèyí. Ó ti dì."

Yìnyín ni lóòótọ́. Bí a ti ń ṣe é ní Ìbàdàn ni mo ṣe é. N kò rántí pé omi ibí a máa di òkúta, a sì máa la ẹ́ńjìnnì.

Bátìrì náà ti kú, afẹ́fẹ́ sì ti jáde nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yaqub yọ ọ́, ó gbé e lọ. Ó ní òun yóò mú tuntun wá ní Ọjọ́rú, pẹ̀lú omi aláwọ̀ ewé tí òtútù kì í mú dì. Mo ti ilẹ̀kùn gáréèjì pa. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ọwọ́ mi ló wà.

Ní Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, bó ti máa ń ṣú nínú oṣù Kejìlá. Yaqub kó bátìrì tuntun àti omi náà dé, a sì ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ọ: tíìn. Ó dákẹ́. Tíìn.

"Kí nìyẹn?" ni mo bèèrè.

"Irin tó gbóná ló ń tutù," ni Yaqub sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yára gbé e kúrò. Mo gbé tèmi lé e. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ó ṣí i. Omi aláwọ̀ ewé kún rédíétọ̀ dé ẹnu. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le koko. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ta sí ara ọkọ̀, ó funfun. Àyè bátìrì ṣófo.

Fóònù mi dún. Agnes ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mummy. Mo ní kí n bèèrè bóyá wọ́n ti dé."

"Àwọn ta?"

"Aunty Àìṣát. Àlàájì wá fi Píjò gbé wọn láàárọ̀. Mo juwọ́ sí wọn lójú fèrèsé. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Yaqub ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí sípíkà. Ó gba fóònù, ó bẹ Agnes kó wọlé lọ wò. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A gbọ́ ilẹ̀kùn. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, títí ó fi figbe ta.

Orí ibùsùn ló ti bá a. Ó ti tutù. Ó wọ kóòtù, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ó wọ bàtà. Obìnrin tí kò tíì dá dìde láti ìgbà Iléyá.

Dókítà ní òru ló ti kú. Agnes ń búra pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni òun juwọ́ sí i. Yaqub kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Èmi kò bèèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àlàájì ti sọ fún àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí mo fi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ó dára. Ṣùgbọ́n gáréèjì yẹn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo wà nílé ní gbogbo ọjọ́ náà, mò ń di ẹrù ìrìn àjò, n kò tilẹ̀ tan rédíò. Àlàájì lọ, ó sì bọ̀. Kò kan ilẹ̀kùn mi.