Ohùn Ragnhild Nínú Agbo Tiril

"Tiril, tẹ̀ ẹ́ kó o tó mí, má tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó o bá mí tán," Ragnhild, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Pẹ́dà lásán ni, kò ní bù ẹ́ jẹ."

Tiril tún fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kọrin, kọ̀ǹpútà gba ohùn rẹ̀, ó sì ń yí i po léraléra, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti dé òpin ló ń kọsẹ̀. Ọ̀sán ni, síbẹ̀ òkùnkùn bo ojú fèrèsé, torí oòrùn kì í yọ ní ìlú Tromsø, ní ìpẹ̀kun àríwá, lásìkò òtútù. Ìdánwò ku ọ̀la. Bí ó bá yege, ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Oslo yóò gbà á, kò sì sí ohun mìíràn tí ọmọ náà ń fẹ́ láyé.

Torbjørn, olùkọ́ wọn, ti sọ òfin ìdánwò náà títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́: ojú àwọn olùgbọ́ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gba gbogbo ohùn sílẹ̀. A kì í gbé èyí tó ti jinná wá láti ilé.

Kí Tiril lè rí nǹkan fi kọ́ra, Ragnhild kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orin tí ìyá Ragnhild tó ti kú fi máa ń rẹ̀ ẹ́ sùn ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá náà, Ragnhild kò kọrin létí ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ìwọ nìkan ni mo kọ ọ́ fún o," ó wí. "Má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ."

Tiril ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ẹ̀rù pé òun yóò kọsẹ̀ lọ́la kò jẹ́ kó lè jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì tí ìyá rẹ̀ gé fún un. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ohùn Ragnhild pa mọ́ sínú agbo, ìyẹn àpò tí kọ̀ǹpútà ti ń yí ohùn po, níbi tí ìró ẹsẹ̀ tí yóò fi ṣe ìlù yóò wà lọ́la. Ohun tó bá wà nínú agbo kan náà ní láti bá ara wọn rìn, kí ọ̀kan má ṣáájú ìkejì. Ó rò pé tí ìró ẹsẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, òun yóò la ẹnu lásán bí ẹni tó ń kọrin, òun yóò sì mú ohùn náà jáde. Ó ki ara rẹ̀ láyà, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Tiril kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, ní gbọ̀ngàn ìdánwò, Torbjørn rí i pé Tiril ń wo ilẹ̀kùn ṣáá. Ó ní bó bá ṣì í, kó dúró, kó tún un bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa nà án. Tiril fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ sórí pèpéle. Ragnhild àti Geir, bàbá Ragnhild, jókòó níwájú.

Tiril fi ẹsẹ̀ lu pákó, kọ̀ǹpútà gbà á. Ó tẹ pẹ́dà kí agbo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ti gbàgbé pé ìtẹ̀ kan náà ló ń jí gbogbo ohun tó wà nínú agbo. Ìró ẹsẹ̀ dìde, ohùn Ragnhild dìde pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu Tiril sì wà ní pípadé.

Geir ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Orin ìyàwó rẹ̀ ń yí, ó tún ń yí, ẹsẹ̀ Tiril kò sì rí pẹ́dà mọ́ nínú òkùnkùn orí pèpéle. Ragnhild bo ojú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wọ kóòtù òtútù fún un, ó sì fà á jáde kí ohùn náà tó dákẹ́.

"Ohùn ta nìyẹn?" ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò béèrè.

"Ohùn Ragnhild ni," Tiril dáhùn, ó bú sẹ́kún.

Oslo bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Geir ló ṣí i. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ," ó wí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá kùnà ìdánwò lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra àṣeyọrí, kò mọ ọdún tí yóò rí i gbà padà.