Ojú Màmá àti Ọkùnrin Inú Fídíò

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dá òògùn yìí dúró?" ni dókítà ojú bi màmá Sáyẹ́ǹsì. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Èmi fúnra mi ni," ni màmá dáhùn.

Irọ́ ni. Sáyẹ́ǹsì tó jókòó tì wọ́n, tòun ti aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì. Màmá ẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ fẹ́ràn orúkọ náà débi pé òun náà ló fi ń pè é.

Àìsàn tó ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀ ló ń bá màmá jà. Dókítà ti ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀ pé òògùn tí wọ́n ń kán sójú kò lè dá ìríran tó ti lọ padà. Èyí tó kù ló máa dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ Sáyẹ́ǹsì lọ́rùn. Ló bá rí fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi dókítà ní àwọn onímọ̀ ti rí omi tuntun tó ń jí iṣan ojú tó ti kú. Obìnrin kan ń sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní òun ti ń ríran padà. Ọkùnrin náà wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ pa gbogbo òògùn míì tì.

Màmá kọ́kọ́ ní òun á bi dókítà léèrè ná. Sáyẹ́ǹsì ní àwọn dókítà ibí ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ ni, àti pé àwọn tó ti wo fídíò náà ò lóǹkà, ṣé gbogbo wọn ló gọ̀ ni? Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ta lòun tí òun á máa bá Sáyẹ́ǹsì jiyàn. Wọ́n ra omi náà. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú sí i, Sáyẹ́ǹsì ní ọkùnrin inú fídíò ti sọ pé á kọ́kọ́ burú kó tó dára. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí màmá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ní kí Sáyẹ́ǹsì bá òun tan iná. Oòrùn sì ń ràn yòò lójú fèrèsé. Ìyẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà lónìí.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dá a dúró," ni Sáyẹ́ǹsì wá sọ fún dókítà. "Mo rí i nínú fídíò."

Dókítà wo fídíò náà tán. Ó ní lóòótọ́ ni àwọn kan ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè jí iṣan ojú, àmọ́ wọn ò tíì débi tí wọ́n á fi wo aláìsàn. "Ohun tí wọ́n bá ṣì ń dán wò, wọn kì í polówó ẹ̀ bí ọṣẹ," ló wí. "Ẹni tó ń dán an wò ní tòótọ́ á sọ ewu ẹ̀ fún yín kó tó fọwọ́ kàn yín." Ó ní ojú òsì ti lọ, kò sì ní padà.

Nígbà tí wọ́n délé, Sáyẹ́ǹsì wá obìnrin tó ń sunkún ayọ̀ yẹn kiri orí fóònù. Ó rí i nínú fídíò míì, níbi tó ti ní kíndìnrín òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Ó tún rí i nínú òmíràn, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tó ní ó ti rọ tẹ́lẹ̀ rìn. Aṣọ kan náà ló wọ̀. Inú bí Sáyẹ́ǹsì gan-an. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò omi ojú náà pé wọ́n ti fọ́ màmá òun lójú. Àwọn tó ni fídíò náà pa ohun tó kọ rẹ́. Ó tún un kọ, wọ́n tì í síta tí kò fi lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Màmá bá a níbi tó ti ń gbá orí mọ́ ògiri.

"Ìwọ fẹ́ kí n ríran ni," ni màmá wí. "Àwọn yẹn mọ̀ pé mi ò ní ríran, wọ́n ṣì tà á fún wa. Àwọn ni kó o bínú sí."

Sáyẹ́ǹsì gbé ìbínú náà lọ sílé ìwé. Ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ó sì fi fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han gbogbo ọmọ ilé ìwé. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dé orí ọ̀rọ̀ màmá ẹ̀.

"Kẹ́ ẹ tó gba irú fídíò báyìí gbọ́, ẹ wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń tà," ló sọ. "Bí àwọn tó wò ó ṣe pọ̀ tó kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé yín pa òògùn tì láìbi dókítà."

Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì ìsàlẹ̀ fà á láṣọ. Ó ní bàbá òun ti ra omi náà, wọn ò tíì ṣí i.

Sáyẹ́ǹsì di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Jẹ́ ká lọ bá wọn nísinsìnyí," ló wí.