Wákàtí Kan ní Òpópónà Ààlà

Bí ọkùnrin kan bá ń gbé ní apá àríwá òpópónà, tí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn ń gbé ní apá gúúsù òpópónà yẹn kan náà, tó sì jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà ooru, aago obìnrin náà máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú tọkùnrin, aago ta ni wọn yóò fi ṣègbéyàwó? Ẹni tí kò gbé ní Òpópónà Ààlà rí lè rò pé àwàdà ni ìbéèrè yìí. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ó ti da àwọn ilé kan rú.

Ìlú Coolangatta ló wà ní àríwá, ti ìpínlẹ̀ Queensland ni. Tweed Heads ló wà ní gúúsù, ti ìpínlẹ̀ kejì ni. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí ooru bá ti mú, àwọn ará gúúsù a sún aago wọn síwájú kí oòrùn lè pẹ́ lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àríwá a sì fi tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń dá àdéhùn lágbègbè wa tí kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Yára ni àbí jẹ́jẹ́?" Aago yára ni ti gúúsù; aago jẹ́jẹ́ ni ti àríwá.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní, tí í ṣe àárín ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa, láyé ìgbà tí fóònù kò tíì mọ bí a ṣe ń yí aago ara rẹ̀ padà, màlúù kan wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tí Nerida Tuffley ti ń tajà ní apá gúúsù.

Ẹsẹ̀ méjì ni màlúù náà fi ń rìn. Dúdú àti funfun ni awọ rẹ̀, aago ara ògiri ńlá kan rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ìrù rẹ̀ sì ń gbá ìyẹ̀fun kiri ilẹ̀. Ó tò sẹ́yìn àwọn ìyá àgbà méjì kan pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí. Nígbà tó kàn án, ó fi ọwọ́ méjèèjì yọ orí ara rẹ̀ kúrò, ojú ọkùnrin kan sì yọ, ó pọ́n bíi tòmátì, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, páì ẹlẹ́ran kan," ló wí, "àti omi tútù, kí n tó kú sí yín lọ́rùn."

Nerida wò ó láti pátákò títí dé ọrùn. Ọmọ ọlọ́sìn màlúù ni Nerida. Oko wàrà ni wọ́n bí i sí.

"Ta ló rán aṣọ yìí fún ọ?"

"Àǹtí mi."

"Bá mi kí àǹtí rẹ. Sọ fún un pé ọmú màlúù kì í wà ní àyà. Ẹ̀yìn ló ń gbé, láàárín itan."

Àwọn ìyá àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wo àyà ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ gidi. "Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi lóhùn láti àárọ̀."

"Ó lè jẹ́ aago tó wà lọ́rùn rẹ ni. Ó ti kú."

Orúkọ rẹ̀ ni Garth Pettifer. Ó ń tún pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun ṣe ní apá àríwá, òun sì ni olùdíje Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́ Gígùn nínú ìdìbò tó ń bọ̀ lóṣù kẹta. Ẹgbẹ́ náà kò ṣèlérí ọ̀nà, kò ṣèlérí ilé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: kí igun ìlà-oòrùn gúúsù Queensland nìkan máa sún aago síwájú nígbà ooru, kí àwọn ará ìyókù ìpínlẹ̀ náà máa bá tiwọn lọ. Àwọn alátakò ní bí aago bá yí, orí màlúù yóò dàrú, wàrà yóò sì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí Garth fi gbé aṣọ màlúù wọ̀, kí ayé lè rí màlúù tí orí rẹ̀ pé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, màlúù náà tún dé. Ọmú rẹ̀ ti wà níbi tó yẹ.

"Mo mú un wá fún àyẹ̀wò," ni Garth wí.

"Ó kù díẹ̀ lápá òsì," ni Nerida fèsì, ṣùgbọ́n kò gba owó páì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ àwọn méjì tí títì kan kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé lásìkò. Bí Nerida bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láago márùn-ún, aago mẹ́rin ló ń lù lọ́dọ̀ Garth, gọ́ọ̀mù pátákó ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Garth bá wá parí iṣẹ́ láago márùn-ún tirẹ̀, Nerida ti jẹun alẹ́, ó ti fọ àwo.

"Màlúù mi," ni Nerida á wí, "ebi ń pa ọ́, èmi sì ti yó. Ìgbà wo la máa jọ jẹun láyé yìí?"

"Nígbà tí o bá dìbò fún mi, Ẹni Iwájú," ni Garth á fèsì, torí aago Nerida ló ń ṣíwájú.

"Apá gúúsù ni mò ń gbé. Mi ò ní ìbò kankan fún ọ."

"Wò ó bí ayé ṣe rí! Ẹni tó fẹ́ràn mi kò lè dìbò, àwọn tó lè dìbò kò fẹ́ràn mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lórí àpáta etíkun. Lẹ́yìn wọn, iná ilé ti ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Garth dẹ́kun àwàdà.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ló wí, "ìjọba dán sísún aago síwájú wò fún ìgbà ooru mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ooru mẹ́ta yẹn nìkan ló fi ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú. A máa ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì níbí yìí, títí a ò fi ní rí bọ́ọ̀lù mọ́. Lẹ́yìn náà àwọn èèyàn dìbò, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Bàbá mi tún padà di ẹni tí mò ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kú báyìí. Wọ́n rò pé aago ni mò ń lé kiri, Nerida."

Nerida di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì sọ.

"Garth, bàbá mi ni Clarrie Tuffley."

"Clarrie tó pè mí ní olè oòrùn ní gbọ̀ngàn ìlú, lójú gbogbo èèyàn?"

"Òun náà."

Garth ronú. "Ohùn rẹ̀ dára. Kò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn."

Nerida ní kó wá jẹun ní oko bàbá òun ní àfonífojì Numinbah, ní apá àríwá ààlà, lọ́jọ́ Sunday, láago mẹ́fà. Àwọn méjèèjì, tí ìfẹ́ ti sọ di aláìrántí, gbàgbé láti béèrè ohun tí ọmọdé pàápàá máa ń béèrè níbẹ̀. Aago oko ni Nerida ní lọ́kàn, ìyẹn aago jẹ́jẹ́. Garth rò pé aago yára ni, nítorí òun ni Nerida ń lò. Bó ṣe fi wákàtí kan ṣáájú dé nìyẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti òdòdó lọ́wọ́, ní àkókò tí Clarrie ṣì ń fún wàrà.

Clarrie wo òdòdó, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá gbójú wo oòrùn.

"Mẹ́fà ni ọmọ mi sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé aago yára ni."

"Kódà lórí ilẹ̀ tèmi, o ń ṣáájú mi." Clarrie ju àkísà kan sí i. "Mo gbọ́ pé màlúù ni ọ́ ní ìgboro. Ó dáa. Wá bá àwọn ẹbí rẹ."

Garth nu ọmú màlúù títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ọ̀kan ta korobá nípàá, òmíràn fi ìrù gbá a létí, àwọ̀ funfun inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì di ìtàn. Nígbà tí Nerida dé, ó bá bàbá rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò sì fẹ́ jẹ́wọ́. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ yóò dára.

Ṣùgbọ́n nídìí ẹran àgùntàn yíyan àti ẹlẹ́gẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ aago dé.

"Màlúù kì í wo aago, sà," ni Garth wí. "Oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀lé."

"Ọkọ̀ tó ń kó wàrà ńkọ́? Aago ni òun ń wò."

"Ilé iṣẹ́ wàrà lè yí àkókò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní gúúsù."

"Àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn?"

"Nígbà ooru, kí aago márùn-ún tó lù ni ilẹ̀ ti ń mọ́ níbí. Ẹ sún un síwájú, ilẹ̀ á ṣì ti mọ́ kí wọ́n tó jáde."

Báyìí ni Garth ṣe ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí ìdí kankan kò fi kù lọ́wọ́ àgbàlagbà náà. Kò ṣàṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ kankan. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé ẹni tí a gba gbogbo ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò yí ọkàn padà, nígbà tó jẹ́ pé a lè ti gba aṣọ ìbora rẹ̀ lásán ni, kí a sì fi í sílẹ̀ nínú òtútù.

Clarrie gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "O gbọ́n, ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sínú wákàtí yẹn mọ́." Ó dìde, ó bọ́ síta, kò sì wọlé títí Garth fi lọ.

Ìdìbò dé, ó kọjá. Ìbò tí Garth rí lè má kún ilé ìjọsìn kékeré kan. Ó ká aṣọ màlúù rẹ̀, ó fi í sínú àpótí, kò sì dé ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, títí Nerida fi gbé páì sọdá títì lọ bá a.

"Ojú ń tì mí," ni Garth wí.

"Jẹun. Ẹni tí ojú ń tì náà máa ń jẹun."

Nínú oṣù kẹrin, àwọn ará gúúsù dá aago wọn padà sẹ́yìn. Wákàtí tó là wọ́n pòórá láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, wọ́n sì ń jẹun pọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Sunday, Garth a máa bá Nerida lọ sí oko. Kò jà mọ́. Ó bá Clarrie na wáyà ọgbà, ó dí ojú táǹkì tó ń jò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju "Mú un síbẹ̀" àti "Ó ti tó" lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ òtútù kan, Garth dúró níwájú àwọn búrẹ́dì gbígbóná.

"Kò sí wákàtí kankan láàárín wa báyìí," ló wí. "Kó tó padà wá, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Màlúù mi," ni Nerida wí, omi sì lé sí i lójú, "kí ló pẹ́ ọ tó bẹ́ẹ̀?"

Oṣù kọkànlá ni Nerida yàn, nígbà tí igi jakaránda máa ń tan òdòdó, lẹ́bàá odò inú oko níbi tí ìyá rẹ̀, Avis, máa ń wẹ̀ kó tó kú. Wọ́n lọ sọ fún Clarrie. Ó ń fọ bàtà oko rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ló sọ fún Garth. "Ṣùgbọ́n aago gúúsù á ti yà kúrò lára tiwa nígbà yẹn. Aago ta ni ẹ máa fi ṣe é?"

"Jẹ́jẹ́, sà," ni Garth yára wí. "Ilẹ̀ tiyín ni."

"Má fún mi ní ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò gbà gbọ́. Mi ò fẹ́ àánú." Clarrie tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha amọ̀. "Ẹ lọ rò ó. Bí mo bá gbọ́, màá mọ̀ bóyá mo máa wà níbẹ̀."

"Bí ẹ kò bá fà mí lọ́wọ́ rìn, Bàbá, mi ò ní rìn," ni Nerida wí. Ó mọ̀ pé òun kò fi ṣeré, ìyẹn sì bà á lẹ́rù.

Oṣù kẹwàá dé, aago yà. Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè Clarrie.

Ní ọ̀sán Sunday kan, Nerida wá bàbá rẹ̀ títí, ó bá a létí odò. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àga aláṣọ méjì ti wà níbẹ̀ lábẹ́ igi. Aṣọ ọ̀kan ti jẹrà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ yìí, aṣọ tuntun wà lára rẹ̀, aṣọ ìgbòkun tó le, òwú rírán rẹ̀ nípọn bí èyí tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù Garth.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún un pé ti ìyá rẹ ni?" ni Clarrie bèèrè.

"Rárá, Bàbá. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe é."

"Àga tó ya ló kàn rí nígbà náà." Ó fọwọ́ ra ojú rírán náà. "Màlúù kò ní ìṣòro kankan nígbà tí wọ́n dán aago yẹn wò, Nerida. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Bí mo bá ti fún wàrà tán, oòrùn á ṣì wà, ìyá rẹ á ti wà nínú omi. Á ní, 'Clarrie, wọ́n fún wa ní wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́, o wá dúró síbẹ̀ bí òpó.' Ní ooru kẹta ló kú. Wákàtí yẹn kò bá a lọ. Lójoojúmọ́ ló ń dé, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, á jókòó sórí àga yìí, á máa wò mí. Nígbà tí wọ́n ní ká dìbò, mo dìbò kí wọ́n gbé e kúrò níwájú mi."

Nerida rántí ọmọkùnrin kan létí òkun àti bọ́ọ̀lù tó ń dúdú lójú. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀ nípa ọkùnrin ilé iṣẹ́ ṣúgà náà, tí ooru mẹ́ta yẹn kan náà nìkan sọ di bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń rí. Clarrie gbọ́ ọ dópin, kò gbójú sókè.

Garth ni wọ́n rí tó ń sọdá pápá bọ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Mo tún tètè dé. A ò tún béèrè."

"O máa ń tètè dé." Clarrie na ọwọ́ sí àga tuntun. "Jókòó. Kò ní bù ọ́ jẹ."

Garth jókòó. Nerida jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó fi orí ti orúnkún bàbá rẹ̀. Oòrùn wà lójú omi. Lókè pápá, àwọn màlúù ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ké.

"Bàbá, wọ́n ń pè yín."

"Jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀."

"Wọ́n sọ fún mi ní gbọ̀ngàn ìlú," ni Garth wí, "pé màlúù kì í dúró."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Clarrie kó tó lè dì í mú, ẹ̀rín ńlá tí Nerida kò gbọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Nígbà tó rọlẹ̀, Nerida rí i pé àkókò ti tó.

"Bàbá, aago mẹ́rin la fi ìgbéyàwó sí. Aago ta ni?"

Àgbàlagbà náà wo odò, ó wo àga náà àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.

"Yára," ni Clarrie wí. "Kí ìmọ́lẹ̀ lè ṣẹ́kù fún wa lẹ́yìn rẹ̀."