Oko Àna Orí Ìdagẹ̀rẹ́

Ẹ̀rín ni Morìnsọ́lá kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó ni ín. Koríko gbígbẹ tí ọkùnrin náà rù bọ̀ láti ọ̀nà Akinmorin ti bo ojú rẹ̀, eyín funfun nìkan ló ń yọ.

"Bọ̀dá, ewúrẹ́ mélòó lẹ fẹ́ bọ́?"

"Ilẹ̀ ni mo fẹ́ bọ́," Anwar dáhùn. "Àmọ́ bí ẹ bá máa wà níbí lọ́la, màá tún gba ibí."

Ó tún gba ibẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń gbà á títí ọ̀rọ̀ fi di ìfẹ́.

Àlàájì Zàíd, bàbá Morìnsọ́lá, àgbẹ̀ paraku ní Fìdítì, ní kí Anwar kọ́kọ́ ṣe oko àna bí àwọn baba ti ń ṣe é. Ìdagẹ̀rẹ́ tí àgbàrá ti wọ́ ọ̀rá rẹ̀ lọ ló fún un.

"Bí àgbàdo bá yọ ọmọ níbẹ̀, wá mú ìyàwó ẹ. Bí kò bá yọ, má padà wá."

Anwar kò dáná sun igbó. Gbogbo ayé ń kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀. Òun kọ tiẹ̀ ní ìbú, ó gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, ó sì fi koríko bo ilẹ̀. Àwọn ará oko ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, kò lè palẹ̀ pàǹtí mọ́. Ojú ti Morìnsọ́lá gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ kó koríko náà jọ, ó mú ìṣáná dání.

"Olólùfẹ́ mi, kí lò ń ṣe?"

"Kí wọ́n má baà fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ ni!"

Anwar kò bínú. Ó ṣí koríko díẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù, ekòló ń rìn nínú ẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án, ó ju ìṣáná nù, ó sì bá a tẹ́ koríko padà.

Kò pẹ́ tí òjò ńlá fi dé. Ó gbá ebè gbogbo òkè náà lọ, ti Àlàájì náà kò yọ sílẹ̀. Ebè ìbú àti koríko dá omi dúró, oko Anwar nìkan ló ṣẹ́ kù, àgbàdo rẹ̀ sì yọ ọmọ ńláńlá. Àlàájì rìn yí i ká.

"Anwar, ìgbà wo lo máa wá kọ ebè tèmi?"

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó, sà."

Ẹ̀rín pa Àlàájì. "Lọ pe àwọn èèyàn ẹ wá."

Lọ́jọ́ yìgì, ìmáàmù bi Àlàájì bóyá tọkàntọkàn ló fi fa ọmọ rẹ̀ lé Anwar lọ́wọ́.

"Tọkàntọkàn ni. Ẹni tó tọ́jú ilẹ̀ tí mo ti pa tì, ṣé ọmọ mi ni kò ní tọ́jú?"